Lékelèké Kò Lọ Lọ́dún Yìí

Irun Àbẹ̀kẹ́ ni mo ń dì lọ́wọ́ nígbà tí ìpè náà wọlé. Ọjọ́ Sátidé ni. Òjò tó ti ń rọ̀ láti ìdájí ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mo jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa ní Ìgàndó, orí ọmọ wà láàárín orúnkún mi. Mo ti di apá ọ̀tún tán, apá òsì ṣì rí wúruwùru bí oko tí wọn ò tíì ro. Mo fi èjìká ti fóònù mọ́ etí. Bàbá Sáńdé ni, ọkùnrin tó ń gbin ewédú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní àkùrọ̀.

"Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ẹ máa bọ̀. Omi ti wọlé."

Mo ní, "Ilé ta?"

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó máa ń fi gbogbo nǹkan ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ìyẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Ó wá ní, "Àkùrọ̀ ni. Ìyá Rámọ́tà wà nínú omi náà. A ní kí wọ́n jáde, wọn ò gbọ́."

Mo fi rọ́bà so irun tó kù pọ̀, mo fa ọmọ lọ́wọ́, a jáde. Àbẹ̀kẹ́ ń sunkún pé àwọn ọmọ á fi òun rẹ́rìn-ín, pé orí òun ò dọ́gba. Mo sọ fún un pé kò sẹ́ni tó máa wo orí ẹnikẹ́ni lónìí.

Ẹni tí kò bá mọ àkùrọ̀, ilẹ̀ etí odò ni, tí omi kì í gbẹ tán nínú rẹ̀. Nígbà ẹ̀rùn, tí ilẹ̀ òkè bá ti le gbandi, àkùrọ̀ á ṣì máa rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, ibẹ̀ la sì ti ń gbin ẹ̀fọ́ tí àwọn ará Èkó ń jẹ lásìkò tí ẹ̀fọ́ bá wọ́n. Tó bá di ìgbà òjò, odò á gba ilé rẹ̀ padà, àwa náà á kó ọkọ́ wa kúrò níbẹ̀ títí ọyẹ́ á fi tún fẹ́. Tiwa wà ní ìsàlẹ̀ Ẹgàn, lẹ́yìn àwọn ilé tuntun.

Ìyá Rámọ́tà ló ni ín. Ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n. Àwọn baba wọn ló ni gbogbo ilẹ̀ láti etí odò yẹn títí dé ojú títì, ṣùgbọ́n àwọn arákùnrin wọn ti ta gbogbo ibi tó gbẹ. Ibi tó tutù nìkan ni wọn ò rí ẹni rà, ìyẹn ni wọ́n fi sílẹ̀ fún obìnrin. Ìyá a máa sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín pé àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ omi, òun ló bá àwọn ṣọ́ ogún àwọn.

Èmi ò mọ iṣẹ́ oko rárá. Èkìtì làwọn òbí mi ti wá, tíṣà ni bàbá mi, Ìgàndó ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí mo parí ìwé mẹ́wàá, mo ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ike ní Akówónjọ. Nígbà tí oyún Àbẹ̀kẹ́ hàn, ọ̀gá mi ní ikùn mi ń gba àyè jù láàárín ọjà òun. Bàbá ọmọ mi ń bá wọn wa tírélà lọ sókè ọya, tó bá ti lọ, ó di ìgbà tá a bá rí i. Mo bí ọmọ tán, mo gbé e pọ̀n, mo ń wá iṣẹ́ tí wọn ò ti ní sọ pé kí n gbé ọmọ sílẹ̀ kí n tó wá. Ìyá Rámọ́tà wò mí, wọ́n wo ọmọ, wọ́n ní, "Ilẹ̀ kì í lé ọmọ. Mú ọkọ́."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, wọ́n ní kí n tu koríko láàárín ṣọkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Mo tẹ̀ba, mo tu ú dáadáa, ọwọ́ mi yá. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n dúró lórí bẹ́ẹ̀dì náà, ìyẹn ebè gbọọrọ tá a gbin ẹ̀fọ́ sí, wọ́n wò ó. Wọ́n ní, "O káre. O ti tu ọbẹ̀ dànù, o fi koríko sílẹ̀. Ìwọ lo máa sè é." Lóòótọ́ ni wọ́n di koríko náà ní ìdì kan fún mi pé kí n gbé e lọ sílé. Títí di òní, tí mo bá ń tu koríko, mo máa ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń po ìgbẹ́ adìẹ mọ́ ilẹ̀, tí wọ́n á jẹ́ kó tutù kí wọ́n tó gbìn sí i kó má baà jó gbòǹgbò. Tí mo bá wọ mọ́tò ní Ìkọ̀tún lẹ́yìn iṣẹ́ yẹn, àwọn èèyàn á sún fún mi láìjẹ́ pé mo bẹ̀ wọ́n. Bàbá Sáńdé ní àǹfààní iṣẹ́ wa nìyẹn, pé àwọn ọlọ́rọ̀ pàápàá kì í rí àyè jókòó tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó le jù nínú iṣẹ́ náà kì í ṣe ọkọ́. Ìgbà ni. Tó o bá pẹ́ jù níbẹ̀, omi á bá ọ. Tó o bá yá jù jáde, o ti fi oúnjẹ sílẹ̀ nínú ilẹ̀. Gbogbo ojúlé ládùúgbò wa ló sì ní ohun tó fi ń mọ̀ pé òjò ti súnmọ́ tòsí. Ìyá tó ń sun bọ̀ọ̀lì níwájú ilé wa, tó bá ti ń wo ojú ọ̀run ju ojú iná lọ, kò ní pẹ́ tí àgbàdo á fi gba orí ààrò. Ekòló á gòkè wá sí balùwẹ̀. Iyọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nínú ike. Lánlọ́ọ̀dù wa á gbé fíríìjì wọn gun orí búlọ́ọ̀kù. Wọn ò ní sọ nǹkan kan fún àwa ayálégbé o, ṣùgbọ́n tá a bá ti gbọ́ tí fíríìjì ń wọ́ nílẹ̀, àwa náà á ká ẹní wa. Tèmi ni ilẹ̀kùn. Pákó ni, tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ a máa gbẹ, á máa mì jìgìjìgì bí eyín arúgbó. Tí òjò bá ti kù díẹ̀, á wú, ìbàdí ni mo fi máa ń tì í kó tó pa dé.

Ìyá Rámọ́tà ò ka ọ̀kankan nínú wọn sí. Wọ́n ní èsúnsún kò ní sùúrù, òjò kan péré ló ń rí tó fi ń bọ́ ìyẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nídìí gílóòbù onígílóòbù. Àwọn tó ń sọ ojú ọjọ́ nínú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní Àbújá ni wọ́n jókòó sí, ojú ọ̀run tibẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n gbà gbọ́. Lékelèké.

Tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ ni àwọn ẹyẹ funfun yẹn máa ń dé. Bá a ṣe ń kọ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á máa tẹ̀ lé wa lẹ́yìn, ẹsẹ̀ gígùn, ọrùn gígùn, wọ́n á máa ṣa kòkòrò tí ọkọ́ bá hú jáde. Tí òjò bá fẹ́ fìdí múlẹ̀, wọ́n á kóra jọ sórí igi kan, wọ́n á pariwo, tó bá di ọjọ́ kejì, a ò ní rí wọn mọ́. Àbẹ̀kẹ́ àti àwọn ọmọ àdúgbò, tí wọ́n bá ti rí wọn lókè, wọ́n á na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sí wọn pé kí wọ́n fún àwọn ní funfun. Tí àmì funfun bá yọ lórí èékánná ọmọ, ó gbà pé lékelèké ti gbọ́ tòun. Èmi náà ṣe é nígbà tí mo kéré. Gbogbo wa la ṣe é.

Òfin Ìyá kò ju ọ̀kan lọ: a kì í gé irúgbìn kí lékelèké tó lọ.

Irúgbìn yìí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ṣọkọ Ìyá Rámọ́tà kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá. Igi rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ewé rẹ̀ fẹ̀, kì í sì í tètè yọ òdòdó, o lè gé e títí kó ṣì máa rú. Ìyá tó bí wọn ló fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sílé ọkọ, ìyá tìyẹn náà ló fún un. Ní gbogbo òpin ẹ̀rùn, a máa ń fi bẹ́ẹ̀dì méjì sílẹ̀ láìgé, wọ́n á yọ òdòdó, òdòdó á gbẹ lórí igi. Èso inú rẹ̀ dúdú, ó ń dán, ó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Tó o bá gé e ní kùtùkùtù jù, kò ní hù. Tí òjò ńlá bá nà án kó o tó gé e, gbogbo rẹ̀ á gbọ̀n dànù sínú ẹrẹ̀. Ìgbà tó wà láàárín méjèèjì kò gùn, lékelèké ló sì máa ń bá wa fi ìka tọ́ ọ. Gbogbo èyí tá a kó lọ́dún tó kọjá la gbìn lọ́dún yìí, kò sí kankan nílé.

Nígbà tí òdòdó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ lọ́dún yìí, Ìyá pè mí jókòó. Wọ́n ní, "Tá a bá ti gé e, a ó pín in sí méjì. Ìdajì jẹ́ tìẹ. Kó o mú ibi ìdí ọ̀pẹ yẹn, kó o máa dá gbìn. Ẹni tó ní irúgbìn ló ní àkùrọ̀. Ẹni tí kò ní, ọwọ́ lásán ló ń bá èèyàn ṣe."

Ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé nǹkan kan máa jẹ́ tèmi. Mo ti ń rí Àbẹ̀kẹ́ lọ́kàn mi, tó ti dàgbà, tó ń fi ìgò irúgbìn sínú ẹrù ìyàwó rẹ̀.

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í já lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àgbàdo gba orí ààrò. Fíríìjì lánlọ́ọ̀dù gòkè. Lékelèké ò lọ.

Mo ní, "Mà, ilẹ̀kùn mi ti wú."

Ìyá ní, "Ilẹ̀kùn rẹ, àbí ẹyẹ?"

"Lánlọ́ọ̀dù wa náà ti gbé fíríìjì sókè."

"Lọ bá a gbé e, jàre." Wọ́n na ọ̀bẹ sí àwọn ẹyẹ tó dúró lórí bẹ́ẹ̀dì bí aṣọ tí wọ́n sá. "Wò wọ́n. Ṣé báyìí lẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò ṣe ń dúró?"

Bàbá Sáńdé ti hú ewédú tirẹ̀ kúrò. Ó kọjá, ó ní, "Ìyá, àwọn ẹyẹ yín yìí ti gba ilé síbí o. Ó kù kí wọ́n máa bá wa dá owó iná." Ìyá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ ra òdòdó kan, mo wò ó. Àwọn kan ti dúdú, àwọn kan ṣì pọ́n. Kì í ṣe pé Ìyá kàn ń sọ̀rọ̀ lásán, èso náà ṣì nílò ọjọ́ díẹ̀. A dúró.

Ohun tá a rí tá ò kà kún ni yẹ̀pẹ̀. Láti ọdún tó kọjá ni tírélà ti ń da yẹ̀pẹ̀ sí àkùrọ̀ àwọn ẹlòmíì lókè odò. Wọ́n ti kọ́lé sí i, wọ́n ti mọ fẹ́ǹsì yí i ká. Ibi tí omi máa ń sùn sí tẹ́lẹ̀, èèyàn ló ń sùn níbẹ̀ báyìí. A ò rò ó pé omi náà á wá ibòmíì sùn.

Nígbà tí èmi àti Àbẹ̀kẹ́ dé ibẹ̀ ní Sátidé yẹn, mi ò rí bẹ́ẹ̀dì kankan. Omi ni, ó pọ́n bí epo tó ti pẹ́ nílẹ̀, ó ń gbé ọ̀rá àti sálúbàtà àti igi kiri. Orí òdòdó ṣọkọ nìkan ló ń yọ díẹ̀díẹ̀ lójú omi. Ìyá Rámọ́tà wà láàárín rẹ̀, omi dé ìbàdí wọn, gèlè ti bọ́ lórí wọn, wọ́n gbá òdòdó mọ́ra, wọ́n ń fi ọ̀bẹ gé e. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fọwọ́ kan ọ̀kan báyìí, èso á gbọ̀n. Gbogbo ojú omi tó yí wọn ká dúdú tótòtó bí ọbẹ̀ tí wọ́n bu ata iyèré sí, ó sì ń ṣàn lọ.

Mo fa ọmọ lé Bàbá Sáńdé lọ́wọ́, mo wọ inú omi pẹ̀lú bàsíà kan. A kó ohun tá a lè kó. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Mo ń sọ fún Ìyá pé kí wọ́n jẹ́ ká jáde, wọ́n ṣì ń gé òdòdó lọ. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ojú wọn ò sí lára mi, etí bèbè ni wọ́n ń wò. Lékelèké tò síbẹ̀, funfun báláú, ẹsẹ̀ wọn gbẹ.

Ìyá ní, "Wọn ò tíì lọ. Ìyá Àbẹ̀kẹ́, wò wọ́n. Kí ló dé tí wọn ò lọ?"

Bàbá Sáńdé gbé Àbẹ̀kẹ́ sórí kùkùté, ó wọ omi pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀, ó di apá kan Ìyá mú, èmi di apá kejì. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan. A fà wọ́n jáde.

Ìgbà tá à ń padà lọ sílé ni mo rí èsì ìbéèrè Ìyá. Ààtàn ńlá kan wà létí títì wa, ojoojúmọ́ ni mò ń gba ibẹ̀ kọjá, imú ni mo máa ń dì. Lọ́jọ́ yẹn mo gbójú sókè. Lékelèké bo orí rẹ̀ lọ kítikìti. Tòmátò jíjẹrà wà níbẹ̀, ìfun adìẹ wà níbẹ̀, ìdin ń rá kiri, wọ́n ń ṣà á jẹ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé ìgbà. Wọn ò nílò rẹ̀ mọ́ ni.

Àbẹ̀kẹ́ na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sí wọn, pẹ̀lú irun àbọ̀ lórí. Mo gbé e kọjá kíákíá.

Ohun tá a kó nínú bàsíà, a sá a sórí páànù. Oòrùn ò yọ tó nǹkan. Ó bu, funfun bò ó, ó ń rùn. Ìyá yan díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n dì í sínú àkísà tútù láti mọ̀ bóyá á hù. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n á tú àkísà náà, wọ́n á wò ó, wọ́n á tún un dì. Èmi náà á yọjú wò ó lẹ́yìn èjìká wọn. Kò hù. Lọ́jọ́ tí wọ́n dà á nù, wọn ò pè mí.

Rámọ́tà ọmọ wọn wá mú wọn lọ sí Ayọ̀bọ̀. Àwọn mọ̀lẹ́bí sì ti mú ọkùnrin kan wá wo àkùrọ̀ náà, ó ń béèrè iye tírélà yẹ̀pẹ̀ tí ilẹ̀ náà lè gbà. Èmi ra irúgbìn inú ọ̀rá, mo gbin díẹ̀ sínú báàgì sìmẹ́ńtì lẹ́yìnkùlé. Kò tíì ga tó orúnkún tó fi yọ òdòdó, ewé rẹ̀ ò tó sè. Báyìí ẹ̀fọ́ tí ẹlòmíì gbìn ni mò ń rà lórí ọkọ̀ tí mò ń tà. Àwọn oníbàárà mi àtijọ́ máa ń béèrè ṣọkọ onígi pupa. Mo máa ń ní kò tíì dé.

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá, mo mú Àbẹ̀kẹ́ lọ kí Ìyá ní Ayọ̀bọ̀. Yàrá náà dáa, fèrèsé ńlá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti yí àga wọn, wọ́n kẹ̀yìn sí fèrèsé. Wọ́n ti rù. Wọ́n fún ọmọ ní bisikíìtì. Ó ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n béèrè.

"Ṣé wọ́n ti lọ?"

Mo rò ó pé kí n parọ́. Mo ní, "Wọn ò lọ, mà. Orí ààtàn ni wọ́n wà."

"Kí ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀?"

"Ìdọ̀tí wa, mà."

Wọ́n fi ọwọ́ pa ìṣẹ́po aṣọ wọn, wọ́n sì tún un pa. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá ti ń rí jẹ lẹ́nu ọ̀nà, ibo ló tún fẹ́ lọ." Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Wọ́n kọ́ mi, mo kọ́ ọ. Má kọ́ ọmọ yìí."

Nígbà tá a délé, mo gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà, mo fa orí Àbẹ̀kẹ́ sáàárín orúnkún mi, mo tú irun ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ń wo èékánná rẹ̀, ó ń yí wọn síwá sẹ́yìn. Kò sí funfun kankan níbẹ̀.

Ó ní, "Màámi, tí lékelèké ò bá mọ ìgbà mọ́, ta ló mọ̀ ọ́n?"

Mo fẹ́ sọ pé Ìyá mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ sọ pé èmi mọ̀ ọ́n. Mo ní, "Mi ò mọ̀, ọmọ mi."

"Báwo la ó ṣe máa mọ̀ pé omi ń bọ̀?"

Mo la irun rẹ̀ láàárín, mo bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì lọ́tẹ̀ yìí. Mo sọ fún un pé, "Tí ẹsẹ̀ rẹ bá ti tutù, kúrò níbẹ̀. Má wòkè, má dúró de ẹyẹ kankan. Tó o bá rí mi nínú omi tí mò ń kó nǹkan, fà mí jáde. Tí mo bá ní kó o dúró ná, má dá mi lóhùn. Máa sá lọ."